Ẹ sọ fún ìyá pé owó wọn ti dé: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí títa aṣọ fún àwọn àgbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀kun o, gbogbo ẹ̀yin tí a jọ ń ta aṣọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú mi ò tíì rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ẹ fara dà á bí mo bá ń tún un sọ.

Ẹni tí wọn ò bá tíì pè ní olè láàárín ọjà rí ò lè mọ bó ṣe ń rí lára. Màmá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ra ankara yáàdì mẹ́fà lórí ìkànnì wa fún ìsìnkú tí ẹgbẹ́ wọn fẹ́ lọ. Wọ́n tẹ ibi ìsanwó, ojú ìwé ń yí, ó ń yí, kò sọ nǹkan kan. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì apá ọ̀dọ̀ wa níbí, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n. Wọ́n tún un tẹ̀. Àlátì méjì wọlé, owó ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ìkànnì wá sọ níkẹyìn, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni pé àkókò ti tán, kí wọ́n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n wá nọ́ńbà tí wọn yóò pè, wọn ò rí i. Ọ̀kadà ni wọ́n gùn wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Kàbbà, lọ́jọ́ ọjà. "Ẹ ò bá kúkú gbé ìbọn dè mí lọ́nà!" Gbogbo àwọn aláta dìde. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe jẹ́." Wọn ò wojú mi. Àwọn èrò ni wọ́n ń sọ fún pé, "Owó ìfẹ̀yìntì mi ni." Ẹni tó bá ti dúró de owó ìfẹ̀yìntì rí yóò mọ ohun tó wà nínú gbólóhùn yẹn.

A dá owó kan padà lọ́jọ́ náà, wọ́n gba aṣọ wọn, ó parí.

Ọmọkùnrin tó bá wa ṣe ìkànnì náà (mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ o, ẹ̀rí wà lórí fóònù mi) ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló fà á. Irọ́ ni. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kọ́ ló ní kí bọ́tìnnì gba títẹ̀ kejì. Ní báyìí, tí èèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbà mọ́, ọ̀rọ̀ gàdàgbà á jáde: "A ti gbọ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́. À ń dúró de báńkì." Tó bá wọlé: "Owó yín ti dé," pẹ̀lú iye rẹ̀ àti nọ́ńbà tí wọ́n lè pè.

Lẹ́tà náà ṣe pàtàkì. Tiwa tẹ́lẹ̀ tín-ín-rín, ó rí bí eérú lórí funfun, wọ́n ní ìgbàlódé nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà kéré sí píksẹ́ẹ̀lì 16 (ìwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe ìkànnì fi ń wọn lẹ́tà), ẹ jẹ́ kó dúdú dáadáa, ẹ má sì dí àwọn tó fẹ́ fi ìka méjì fẹ ojú ìwé.

Lẹ́ǹsì inú ẹyinjú máa ń pọ́n rúsúrúsú bí a ṣe ń dàgbà, búlúù tó ṣókùnkùn àti dúdú a wá jọra. Ẹ kọ àwọ̀ sábẹ́ àwòrán: "búlúù bí aró". Màmá kan láti Búnú tiẹ̀ bi wá bóyá pupa tí à ń tà sún mọ́ ti aṣọ ipò, tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ ìsìnkú àgbà lọ́dọ̀ wọn. Àwòrán ò lè dáhùn ìyẹn, èèyàn ló lè dáhùn ún. Ẹ fi nọ́ńbà síbẹ̀.

Ní ti bùbá rírán, L àti XL ò wúlò fún wọn. Ẹ ní kí wọ́n tẹ́ bùbá tó bá wọn mu sórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n wọn àyà àti gígùn rẹ̀.

Bí wọ́n bá kúrò lójú ìwé lọ ka nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ohun tí wọ́n ti kọ pa rẹ́. Ọ̀rọ̀ owó náà ṣì ni mò ń sọ.

Àwọn kan ní kí n kó gbogbo rẹ̀ sí WhatsApp. Àwọn ọmọ tó wà ní Àbújá tó ń sanwó fún ìyá wọn fẹ́ rí iye owó láì bi ẹnikẹ́ni, èmi ò ní pa ìkànnì.

Tí ẹ bá fẹ́ dán tiyín wò, ẹ gbé fóònù fún ìyá kan, kí wọ́n tẹ ibi ìsanwó. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ pa dátà, kí ẹ wo ohun tí ojú ìwé máa sọ fún wọn.