Oyún Ìbàdàn, oyún Manchester

Ẹ̀gbọ́n mi rí fọ́tò mi létí odò tí mo ti ń rìn, ó ní, "Ṣé ọkọ ẹ ò ní mọ́tò ni? Wà ní Manchester kí o tún máa fẹsẹ̀ rìn! Lọ jókòó, jàre." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Mọ́kọ́lá ni mo wà nígbà oyún àkọ́bí mi. Mo ń gòkè, mo ń sọ̀kalẹ̀, mo ń ná ọjà ní Bódìjà, mo ń pọn omi. Kò sẹ́ni tó pè é ní eré ìdárayá. Ní kíníìkì, a jọ ń kọrin, a jọ ń jó. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi nọ́ọ̀sì pé irú iṣẹ́ wo ni mo lè ṣe, "Ẹ ṣáà máa sinmi" ni. Èrò ti pọ̀ jù lẹ́yìn mi.

Níbí, agbẹ̀bí mi béèrè fínnífínní. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí oyún ò ti mú ìṣòro wá, kí n máa rìn tàbí kí n máa lúwẹ̀ẹ́ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá ṣì lè sọ̀rọ̀ geere bí mo ṣe ń rìn, kò pọ̀ jù. Bí mo bá rí ẹ̀jẹ̀, bí òòyì bá ń kọ́ mi, bí àyà bá ń dùn mí, kí n dúró, kí n pè wọ́n. Òyìnbó nìkan kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ lọ́dún 2020 náà nìyẹn.

Ohun tó ń dùn mí gan-an ni pé èmi nìkan ni mò ń rìn. Ní Mọ́kọ́lá, n kò lè dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì kí wọ́n má kí mi: "Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o! A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Bí oòrùn bá kan àtàrí, ìyá ẹlẹ́kọ á pè mí wọ abẹ́ ibòji, á wo etí aṣọ mi bóyá mo fi píìnì sí i. Níbí, ẹni tó ń bọ̀ á yà fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á kọjá lọ. Mo ti sunkún rí létí odò yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má ní kí n jókòó mọ́. Ẹ pè mí lórí fóònù bí mo bá ń rìn, ká jọ máa sọ̀rọ̀ lọ.

Síbẹ̀, ibí ni n ó bí i sí. Nígbà tí egungun ìbàdí ń dùn mí, agbẹ̀bí gbọ́ mi dópin, ó ní kí n dín ìrìn kù, ó sì fi mí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti egungun. Irú ìrora yẹn náà ṣe mí nígbà oyún àkọ́kọ́, mo sì gbé e mọ́ra títí mo fi bímọ, torí n kò rẹ́ni bi.