Àǹtí, Páálí Dà?

Ẹni tó bá ní mọ̀lẹ́bí ní Ìlú Ọba á ti mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tó le lẹ́nu wọn tó "kílò". Ẹ tọrọ owó lọ́wọ́ wọn, wọ́n lè fún yín. Ẹ ní kí wọ́n bá yín dá sí owó ilé, wọ́n lè rò ó wò. Àmọ́ ẹ dán an wò kí ẹ ní kí wọ́n bá yín gbé nǹkan tó tó páálí bàtà bọ̀ wálé, ẹ ó gbọ́: "Kílò mi ti kún." Ti Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù wa tiẹ̀ tún yàtọ̀. Kílò tiwọn máa ń kún kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Torí náà, tí mo bá sọ fún yín pé lọ́dún 2017 Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù gbà láti gbé páálí ńlá kan bọ̀ fún mi, ẹ mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo fi ń pè wọ́n, tí mò ń béèrè orúnkún. Orúnkún ọ̀tún, orúnkún òsì. Mo gbọ́ nípa dókítà wọn, mo gbọ́ nípa ẹni tó ń jókòó sí àyè wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni mo tó mẹ́nu kan páálí.

Ohun tó wà nínú páálí náà rèé. Géèmù kan wà tí wọ́n ń pè ní The Elder Scrolls Online, géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹgbàágbèje èèyàn jọ ń gbé nínú ayé kan náà. Ẹ ó yan irú ẹni tí ẹ fẹ́ jẹ́, ẹ ó gba iṣẹ́, ẹ ó bá ẹranko jà, ẹ ó máa gòkè lọ díẹ̀díẹ̀. Oṣù Éépìrì 2014 ló jáde. Nígbà yẹn, owó oṣooṣù ni wọ́n ń san kí wọ́n tó lè wọlé, ìyẹn sì ju apá mi lọ. Àfìgbà tó di oṣù Máàṣì 2015 tí wọ́n mú owó oṣooṣù ọ̀ranyàn kúrò, tó jẹ́ pé ẹ ra géèmù lẹ́ẹ̀kan ó parí, ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí àpò wọn fúyẹ́ rọ́ wọlé. Ilẹ̀ Jámánì ni sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé géèmù náà fún wa, wà, èmi sì wà n'Íbàdàn, mò ń fi dátà òru ṣe é. Tí mo bá ju idà báyìí, kí ìròyìn idà náà tó dé Jámánì kó tó padà, ọ̀tá ti pa mí, ó ti relé lọ jẹun. Mo gbádùn ẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Júùnù 2017, wọ́n gbé àfikún ńlá kan jáde tí wọ́n pè ní Morrowind. Wọ́n fi erékùṣù kan kún ayé náà, Vvardenfell, tí òkè oníná wà láàárín rẹ̀, wọ́n sì mú irú jagunjagun tuntun wá, Warden, tó lè ké sí béárì kó wá bá a jà. Ẹni tí orí rẹ̀ pé máa ra àfikún náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á máa ṣe é lọ. Àwa tí orí wa kò fi bẹ́ẹ̀ pé la ń wá collector's edition, ìyẹn ẹ̀dà àkànṣe fún àwọn tó ń kó nǹkan jọ: páálí ńlá, ère òmìrán onírin tó ga tó ínṣì 12, máàpù erékùṣù náà, ìwé kan tí wọ́n ṣe bí ìwé àtijọ́, páálí géèmù fúnra rẹ̀ tí wọ́n fi irin ṣe, àti kóòdù. Kóòdù yẹn ló máa ṣílẹ̀kùn àfikún náà, òun náà ló sì máa fún yín ní béárì tó wọ ẹ̀wù irin, tí ẹ ó máa gùn káàkiri.

Màmá mi bi mí pé kí ni béárì tí kò sí fẹ́ ṣe fún mi. Mo ní kí wọ́n wo aṣọ ẹbí. Ṣé òtútù ló ń mú wa la ṣe ń rà á? Nígbà tí World of Warcraft, géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì míì, kọ́kọ́ jáde ní 2004, àwọn tó ra ẹ̀dà àkànṣe rẹ̀ láǹfààní láti yan ọ̀kan nínú ẹran ọ̀sìn kékeré mẹ́ta, ọmọ páńdà kan wà lára wọn. Ọmọ páńdà yẹn kì í jà, kì í gbẹ́rù, kò wúlò fún nǹkan kan. Ó kàn ń tọ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn ni. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá rí i lẹ́yìn yín á mọ̀ pé ẹ ti wà níbi òde náà kí wọ́n tó ta kánópì. Àfikún rẹ̀ tó jáde ní 2007, ọmọ dírágónì ni wọ́n fi ṣe tiẹ̀. Aṣọ ẹbí ni gbogbo ẹ̀. Màmá mi ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n aṣọ ẹbí, èèyàn lè rán an.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa àwa tó ń kó irú nǹkan báyìí jọ: páálí lọba. Páálí tí ọ̀rá tó yí i ká kò tíì ya, tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú ṣáṣá, ẹyin ni, ẹ má jẹ́ kó já bọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi pe Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á ní ilé ìtajà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i o."

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Mo gbọ́."

Ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún màmá mi ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe, ní oṣù Júláì. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dé, pẹ̀lú báàgì méjì, kìlógíráàmù 23 lọ́kọ̀ọ̀kan, kò lé, kò dín. Gbogbo ẹbí yí báàgì ká bí ẹni tó ń wo ẹyin tó fẹ́ pa. Wọ́n ṣí èkíní: ọṣẹ, ìpara, Panadol, bàtà, lẹ́ẹ̀sì. Wọ́n ṣí èkejì, wọ́n gbé ìkòkò tuntun kan jáde, wọ́n ní ti màmá mi ni. Nǹkan kan yọ ẹsẹ̀ méjì síta láti inú ìkòkò náà.

Òmìrán onírin mi ni. Wọ́n ti fi orí rẹ̀ sọlẹ̀ sínú ìkòkò, wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, wọ́n wá ki ìbọ̀sẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà ṣòfò àyè. Mo fà á yọ. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò bá a jáde.

"Ó kán nígbà tí mo jókòó lé báàgì kí síìbù lè pa dé," Àǹtí ní. "Ọwọ́ náà wà nínú bàtà ìyá ẹ. Gúlúù á mú un. Ó ṣáà ní ìkejì."

Mo wo inú báàgì. Mo wo ẹ̀yìn báàgì.

"Àǹtí, páálí dà?"

"Páálí wo?"

"Páálí tí ó wà nínú ẹ̀."

"Háà! Páálí yẹn? Ṣé o mọ bó ṣe tóbi tó? Mo jù ú nù! Gbogbo àyè báàgì ló fẹ́ gbà tán. Wo ohun tí mo fi àyè ẹ̀ gbé fún yín." Wọ́n bá kó páálí kọ́nfíléèkì mẹ́ta jáde, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, igun páálí kọ́nfíléèkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú ṣáṣá. Kò sí èyí tó tẹ̀ nínú wọn.

Máàpù Vvardenfell, wọ́n ti fi dì bàtà màmá mi kó má baà ha. Màmá mi yìn ín, wọ́n ní bébà yẹn lágbára. Ìwé tó kù wá wà nínú àpamọ́wọ́ Àǹtí fúnra wọn, wọn ò fẹ́ fún mi. Ìwé náà, wọ́n ṣe é bí ìwé ìrántí Naryu, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ Morag Tong, ìyẹn àwọn apànìyàn tí òfin ilẹ̀ wọn fọwọ́ sí iṣẹ́ wọn. Mo gbà á wò. Níbi tí àyè bá ti ṣẹ́ kù lẹ́bàá ọ̀rọ̀ apànìyàn yìí, Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù ti fi bírò búlúù kọ àkọsílẹ̀ aṣọ ẹbí sí i. Màmá Kúáyà: yáàdì márùn-ún, ti san ìdajì. Ìyàwó Pásítọ̀: má béèrè. Ìyá Ìbejì: yáàdì mẹ́fà, KÒ TÍÌ SAN, wọ́n wá fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tí mo bá jẹ́ Ìyá Ìbejì, tí mo rí orúkọ mi nínú ìwé yẹn, mi ò ní sùn.

Gbogbo ìyẹn, mo lè fara dà á. Ohun tó mú àyà mi já ni kóòdù. Mo béèrè páálí irin pẹlẹbẹ náà. Ojú Àǹtí tàn.

"Èyí tó ní ìdérí yẹn? Nǹkan dáadáa ni! Abẹ́rẹ́ àti òwú mi ni mo kó sí i, ó wà n'ílé."

Gbogbo wa la mọ agolo bisikíìtì tó jẹ́ pé ẹ ṣí i títí, bisikíìtì kò sí níbẹ̀ rí, òwú ni. Mi ò mọ̀ pé ó máa dé orí géèmù mi. Mo bi wọ́n bóyá bébà kan wà nínú ẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, bébà kékeré tí wọ́n kọ A-B-D jágajàga sí, ó ṣeé ṣe kó ṣì wà lábẹ́ òwú.

La bá pe Dádì Jùnọ̀ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ Àǹtí nìyẹn, bọ́ọ̀sì òru ni wọ́n ń wà, wọn ò tíì sun oorun wákàtí méjì tá a fi jí wọn. Wọ́n kó abẹ́rẹ́ dà sórí bẹ́ẹ̀dì (mo gbọ́ igbe), wọ́n rí bébà. Mo ní kí wọ́n yà á ní fọ́tò. Wọ́n ní fóònù tí wọ́n máa fi yà á ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀, kí n mú bírò, kí n má dà wọ́n láàmú.

"B. B bíi Bọ́lá."

"B, sà."

"Éètì."

"Nọ́ńbà ni sà, àbí lẹ́tà?"

"Éètì! Éètì bíi Akíìmù!"

Mo ti kọ 8. Mo pa á rẹ́, mo kọ A. Mo tún rò ó: àgbàlagbà tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, ó lè jẹ́ Hakeem ni wọ́n ní lọ́kàn. Mo ní, "Sà, ṣé èyí tó dà bí àkàbà tó ní igi ìdábùú kan ṣoṣo?"

"Òun náà! Kí lò ń béèrè ohun tó o mọ̀ sí? Fíì."

"F àbí V, sà?"

"Fíì bíi Fasilíìnì."

Mo kọ F. Vaseline wá sí mi lọ́kàn lẹ́yìn lẹ́tà mẹ́rin, mo padà lọ tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Q, wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. "Èyí, kò ní Yorùbá," wọ́n ní. "Ó dà bí òdo tó ní ìrù." Ìyẹn yé mi ju gbogbo àwọn tó kù lọ. O àti òdo gidi ló kù tó dá ìjà sílẹ̀, torí wọ́n takú pé àwọn méjèèjì kò yàtọ̀, kí n kọ èyí tó bá wù mí.

Ìgbà mẹ́ta ni mo tẹ̀ ẹ́, tí kọ̀ǹpútà ní kò sí irú ẹ̀. Ìgbà kẹrin, ó gbà á wọlé, inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti lo kóòdù yìí.

"Sà, ó ní wọ́n ti lò ó."

"Ta ló lò ó? Inú òwú ló wà!"

Bí wọ́n ṣe ń pariwo yẹn ni mo gbọ́ ohùn ọmọdékùnrin kan lẹ́yìn wọn, tó ń fi Òyìnbó béèrè nǹkan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Dádì Jùnọ̀ bá tan fídíò, wọ́n yí fóònù sí i. Jùnọ̀ rèé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó fi gbohùngbohùn sétí. Ó ní òun rí bébà náà nínú àpótí abẹ́rẹ́ màmá òun, òun rò pé wọn ò nílò ẹ̀ mọ́. Lórí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, béárì kan dúró sétí omi, ó wọ ẹ̀wù irin láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń mi.

Mo wo òkè kọ̀ǹpútà náà. Lórí pẹpẹ ni páálí mi wà. Páálí tí Àǹtí jù nù ni Jùnọ̀ lọ yọ níta, níbi tí wọ́n ń kó páálí sí. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé.

"Ẹ ṣé, bùọ̀dá," Jùnọ̀ wí. Mi ò rò pé Yorùbá tó gbọ́ ju ìyẹn lọ.

Àǹtí gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ṣé mo rí i báyìí, kò sọnù, ọwọ́ ẹ̀jẹ̀ mi ló wà, wọ́n ní kí n lọ jẹ kọ́nfíléèkì.

Lọ́jọ́ Sátidé tá a ṣe ọjọ́ ìbí, òmìrán ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n màmá mi, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú sẹ́lótéèpù, àwọn àlejò ń béèrè bóyá àmì ẹ̀yẹ ibi iṣẹ́ ni. Mo jókòó sí kọ̀rọ̀ kan lábẹ́ kánópì, mo gbé ìwé Naryu lẹ́sẹ̀, mò ń gbìyànjú láti ka ohun tó wà lábẹ́ bírò búlúù, ni Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù bá já kúrò lójú agbo ijó, gèlè wọn ti wọ́, wọ́n na ọwọ́ sí mi.

"Mú ìwé mi wá kíákíá. Ìyá Ìbejì ló ń wọlé bọ̀ yẹn, ó sì wọ aṣọ náà."