Mo lọ Òṣogbo lọ wádìí ibi tí wọ́n ti kó ẹrú wá

Àlejò ni mo ń mú káàkiri ní Àgbádárìgì, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. A ó wọ Barracoon, ọgbà Sẹ̀ríkì Abass tó ní yàrá 40, níbi tí wọ́n ti ń há ẹrú mọ́lé de ọkọ̀. A ó wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. A ó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà sí Gbẹ̀rẹ̀fú, a ó fẹsẹ̀ wọ́ iyanrìn títí a ó fi dé etí òkun. Àlejò á sunkún, á ya fọ́tò, á fún wa lówó, ó di gbéré.

Àmọ́ ìtàn tí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń sọ, ẹnu ọ̀nà ọgbà yẹn ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé inú yàrá yẹn ni wọ́n bí àwọn ènìyàn náà sí. Ìlú wo ni wọ́n ti wá? Ta ló dè wọ́n lọ́wọ́? Ta ló gba owó àkọ́kọ́? Bí àlejò bá bèèrè, "òyìnbó" ni ìdáhùn tó yá jù, a ó sì kọjá sí yàrá tó kàn. Èmi máa ń gbìyànjú láti fi Sẹ̀ríkì fúnra rẹ̀ dá wọn dúró: ọmọ Jọ́ga-Orílé ni, wọ́n mú un lẹ́rú ní kékeré, ó dé Brazil, ó padà wálé, ó sì di oníṣòwò ẹrú. Ó kú ní 1919, inú ọgbà náà ni wọ́n sin ín sí. Tí mo bá sọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, gbogbo ibẹ̀ á pa lọ́lọ́. Síbẹ̀, etí òkun náà la ṣì wà. Àwọn ìlú òkè ni mo fẹ́ rí.

Ìdí nìyí tí mo fi gbéra lọ Òṣogbo ní oṣù kẹjọ, àsìkò ọdún Ọ̀ṣun. Mo sùn ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mo wọ mọ́tò ní Ìwó Road láàárọ̀. Kò pẹ́ tí a fi dé Aṣéjìré, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun mọ́lẹ̀ kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Ní Ìkirè, mo ra dòdò. (Ẹni tó bá gba Ìkirè kọjá tí kò ra dòdò, èmi ò mọ ohun tó ń wá kiri.) Lẹ́yìn náà ni a kan Apòmù, tí ọ̀pọ̀ mọ́tò kì í dúró sí, tí àwa náà ò sì dúró sí.

Ó dùn mí pé a ò dúró. Láyé àtijọ́, ọjà ńlá ni Apòmù. Ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Ìjẹ̀bú, ará Òwu, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń pàdé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jí àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ gbé, tí wọ́n ń tà wọ́n sí ìsàlẹ̀. Ìjà tó ti ibẹ̀ dìde ló di ogun Òwu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òwu tú, àwọn ìlú Ẹ̀gbá tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ogun tí kò rílé padà sí tẹ̀dó sí Ìbàdàn, ìwọ̀n ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà Ọ̀yọ́-Ilé alára dahoro. Gbogbo ìyẹn, ọjà kan lẹ́bàá títì yìí wà lára ohun tó dá a sílẹ̀. Mo fi imú kan gíláàsì mọ́tò, mo ń wò. Awakọ̀ ní kí n rọra, kí n má ba gíláàsì òun jẹ́.

Òṣogbo kún bámúbámú. Láti Ọláìyá títí dé Ọjà Ọba, aṣọ funfun àti ìyùn ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ tètè wá yàrá, torí ẹni tó bá dé lọ́jọ́ tó ṣíwájú ọjọ́ Arugbá á sùn sínú mọ́tò.

Ojú ọ̀nà Ìbòkun ni mo kọ́kọ́ gbà, mo lọ wo ilé tí Susanne Wenger gbé, Àdùnní Olórìṣà, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tó sì kú sí Òṣogbo ní 2009. Èrò máa ń wo ère inú rẹ̀. Ara ilé náà gan-an ni èmi ń wò. Ilé alájà ni, irú èyí tí àwọn Àgùdà gbé wọ Èkó. Àwọn wo ni Àgùdà? Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ Brazil, tí àwọn kan nínú wọn ra ara wọn padà, tí wọ́n sì lé àwọn mìíràn kúrò ní Bàhíà, ìpínlẹ̀ kan ní Brazil, lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ 1835, èyí tí àwọn Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ jù nínú wọn, dá sílẹ̀. Wọ́n dé Èkó pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà lọ́wọ́, ọ̀nà ìkọ́lé wọn sì gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé Òṣogbo. Ẹ̀rí oko ẹrú ti wà láàárín ìlú, lójú títì gbangba. N kò gbọ́ kí ẹnì kan dárúkọ rẹ̀ fún àlejò.

Inú igbó Ọ̀ṣun ni mo ti bá Bàbá Tíṣà pàdé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó máa ń bá àwọn àlejò tó bá wù ú rìn, kì í gba owó, àfi obì. Igbó náà tó héktà 75. Wọ́n sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì fi kún àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Ọ̀bọ ń fò lórí igi, omi ń lọ, èrò ń kí i: "Oore Yèyé o!" Ìyá kan láti Bàhíà wà pẹ̀lú wa, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣe ògbufọ̀. Ìkíni kan náà ni Màmá yìí ń kí, ohùn rẹ̀ kàn yí díẹ̀ ni.

Bàbá Tíṣà sọ ìtàn ogun Òṣogbo fún wa. Ní nǹkan bí 1840, ogun Ìlọrin dó ti ìlú náà. Fúlàní, Haúsá àti Yorùbá ló jọ wà nínú rẹ̀. Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ọ̀ṣun di ìyá olónjẹ, ó gbé ẹ̀fọ́ yánrin lọ tà fún àwọn ọmọ ogun, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n. Nígbà tí Ìbàdàn dé, tí Balógun Òdérìnlọ́ ṣáájú wọn, òru ni wọ́n fi kọlù wọ́n. Ìlọrin fọ́n ká. Bàbá mọ ìtàn sọ. Nígbà tó dé ibi inú rírun, kódà ọlọ́pàá tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín.

Màmá ní kí ọmọ òun bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí wọ́n mú lógun.

Bàbá ní, "Ẹ sọ fún Màmá pé ogun ni. Bí ogun ṣe máa ń rí nìyẹn."

Ọmọ túmọ̀ rẹ̀. Màmá mi orí, ó fèsì, ọmọ náà sì ní, "Wọ́n ní ogun kì í ta ènìyàn, ènìyàn ló ń ta ènìyàn."

Bàbá wo omi fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí a máa lọ síwájú, òjò ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbi yìí, torí ohun tí mo wá Òṣogbo wá rí nìyẹn gan-an. Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ṣùgbọ́n ní 1840 Brazil àti Cuba ṣì ń rà. Ogun tó tẹ̀ lé ìfọ́yángá Ọ̀yọ́ ló ń kó ènìyàn fún wọn, Èkó sì ni èbúté tí wọ́n ń gbà kó wọn lọ jù lápá ọ̀dọ̀ wa. Ọdún díẹ̀ yẹn náà ni Yorùbá pọ̀ sí i ní Bàhíà àti Cuba, tí Ọ̀ṣun fi rí ojúbọ tuntun lókè òkun. Ogun tó sọ Òṣogbo di ìlú tí apá ọ̀tá kò ká, irú rẹ̀ náà ló kó àwọn ọmọ ìlú mìíràn sínú ọkọ̀. Ìtàn kan ni. Nínú igbó, ìdajì àkọ́kọ́ là ń gbọ́. Ní Àgbádárìgì, ìdajì ìkẹyìn.

Ẹni tó bá sì rò pé ọwọ́ òyìnbó ni ẹrú ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìyà, kó wo ohun tí Àjàyí Crowther kọ nípa ara rẹ̀. Ní 1821 ni ogun kó Òsogùn, ìlú rẹ̀. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n dá a padà, wọ́n tún un tà, wọ́n fi tábà àti ọtí rà á. Láti ọwọ́ dé ọwọ́, láàárín àwa ara wa, fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó tó di pé ó bọ́ sọ́wọ́ Potogí ní Èkó. Oṣù kẹrin 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú omi.

Nígbà tí òjò lé wa wọ abẹ́ àtíbàbà, mo bi Bàbá ní ìbéèrè mi tààrà: kí ló dé tí ẹ ò dá Màmá lóhùn?

"Ọmọ mi, ta ni kí n nawọ́ sí?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. Ó ní àwọn tí ogun kó kọ́ ni gbogbo wọn dé etí òkun. Ọ̀pọ̀ ló dúró sílé, wọ́n ń ro oko, wọ́n ń ru ẹrù, wọ́n ń bímọ, pàápàá nígbà tí òwò epo gba ipò òwò ẹrú lẹ́yìn 1851, tí Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó. Ọmọ wọn di ọmọ ilé. Orúkọ agboolé ni wọ́n ń jẹ́ lónìí, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ lójú wọn. Àmọ́ kí ọ̀rọ̀ oyè dé, tàbí kí ọmọ ẹnì kan fẹ́ ìyàwó, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ní ti àwọn wọ̀nyí, ọ̀nà ò tiẹ̀ jìn. A jọ ń pín ẹran iléyá ni."

Ọ̀rọ̀ Bàbá wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n n kò gbà á tán. A lè sọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀nà, iye owó àti orúkọ àwọn jagunjagun láìdárúkọ agboolé ẹnikẹ́ni. Mo fi fóònù mi hàn án: àkójọ Slave Voyages wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìrìnàjò ọkọ̀ ẹrú tó lé ní 36,000 ló wà níbẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.5 ènìyàn ni wọ́n kó wọkọ̀ láti Áfíríkà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.7 ló gúnlẹ̀ láàyè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúkọ àwọn ènìyàn tó lé ní 91,000 wà, àwọn tí wọ́n gbà kúrò nínú ọkọ̀, tí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní Freetown àti Havana. Akọ̀wé tí kò gbọ́ èdè wa ló kọ ọ́, ó kọ ọ́ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ. Bàbá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀, ó ń ka orúkọ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tún ohùn wọn ṣe bíi tíṣà tó ń máàkì ìwé. Màmá àti ọmọ rẹ̀ sún mọ́ wa. Kò pẹ́ tí àwọn mẹ́rin di mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, títí bátìrì mi fi kú.

Nígbà tí òjò dá, Bàbá ní òun ò lè sọ irú ìtàn yẹn lásìkò ọdún. Àwọn ènìyàn wá tọrọ ọmọ, wọ́n wá jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ Ọ̀ṣun tán ná. Mo gbà fún un ní ti ọdún. Oṣù mọ́kànlá tó kù ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n padà wá tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, òun á mú mi dé ibi tí àwọn àgbà sọ pé ogun Ìlọrin dó sí, ká sì ti ibẹ̀ wọ kórópe lọ Ìkirun, níbi ogun Jálumi 1878. Màmá ti ní òun á fi owó ọkọ̀ ọmọ òun ránṣẹ́. Èmi ń wá ẹni méjì sí i láti Ìbàdàn tàbí Èkó, tí kì í sá fún ìrìn ẹsẹ̀, tó sì lè dá Bàbá lóhùn. Apòmù la ó kọ́kọ́ dúró sí.