Ẹ bá mi dúpẹ́, ìjì Beryl ò gbé wa lọ

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga! Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, bí mo bá ti mú fóònù báyìí, omi ló máa ń gba ojú mi. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ àná ọmọ mi wọ aṣọ ilé ìwé, ó di ọwọ́ tíṣà rẹ̀ mú, kò sunkún, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Mo ní tí n kò bá dúpẹ́ báyìí, mo ti ya aláìmoore.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ bá a ṣe dé Carriacou, mi ò ní tún un sọ. Erékùṣù kékeré ni, abẹ́ orílẹ̀-èdè Grenada ní òkun Caribbean ló wà, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 9,000 lọ. Kò sí odò kankan níbẹ̀. Omi òjò tó bá ṣàn láti orí òrùlé wọ inú tàǹkì sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń mu, òun náà ni wọ́n fi ń wẹ̀. Ẹ mọ bí mo ṣe ń ké nígbà yẹn pé ọmọ ò jẹun. Tantie, ìyá àgbà ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ló gbé àgbàdo rírò àti òtílí wá lọ́jọ́ kan, ọmọ jẹ ẹ́, ó sì lá àwo. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọmọ mi di ọmọ wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe sàráà fún àwọn òbí wọn tó ti lọ, wọ́n tẹ́ tábìlì, wọ́n ya oúnjẹ àwọn àgbà ọ̀run sọ́tọ̀, wọ́n sì fi ọmọ mi sáàárín àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Ara mi balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ èèyàn ni mo wà.

Onílé wa ti fi dá wa lójú pé páànù orí ilé wa ò lè mira. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà ọdún 2024, Tantie wọlé, wọn ò jókòó. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ọmọ, wọ́n ní ká dìde ká kó ẹrù wa. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí ìjì Janet jà níbẹ̀ ní 1955, wọ́n mọ̀ pé páànù tó bá já nínú ìjì máa ń gé èèyàn bí ọ̀bẹ. Yàrá kan wà nísàlẹ̀ ilé wọn tó jẹ́ pé kọnkéré ni wọ́n fi dé e lórí. Ibẹ̀ la sùn mọ́jú, àwa, àwọn, àti ewúrẹ́ wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ariwo náà wọ egungun mi. Ọmọ mi fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, kò sunkún, ó kàn ranjú mọ́ mi, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Mo ń pe Jésù títí ohùn fi há. Nígbà tí aago mọ́kànlá ti kọjá díẹ̀, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lójijì. Kò sí afẹ́fẹ́, kò sí òjò, oòrùn yọ láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Ọkọ mi ní, "Ó ti parí, ẹ jẹ́ kí n lọ wo ilé." Ó ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Bí Tantie ṣe ga mọ níyẹn, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n fò dìde, wọ́n gbá a ní ṣẹ́ẹ̀tì mú, wọ́n sì fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Àárín rẹ̀ la wà yìí. Ó ń padà bọ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì ló sì máa gbà dé."

Ká ní ó jáde! Kò pẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi dé láti òdìkejì, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ lójú mi. Nígbà tó tán tá a ṣílẹ̀kùn, òrùlé ilé wa ló dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà tí ọkọ mi ì bá gbà. Ọlọ́run ló gbà á, Tantie ló sì rán.

Afẹ́fẹ́ ìjì náà ń sáré 240 kìlómítà láàárín wákàtí kan nígbà tó gúnlẹ̀ sí wa. Olórí ìjọba Grenada fúnra rẹ̀ sọ pé ìdajì wákàtí ló fi tẹ́ Carriacou pẹrẹsẹ. Ilé tí kò bàjẹ́ ṣòroó rí. Ilé ìwòsàn pàápàá bàjẹ́, àwọn ọkọ̀ ojú omi tó sá wọ èbúté Tyrrel Bay dojú dé. Òrùlé tó ń gba omi òjò ti lọ, torí náà omi mímu di ọ̀ràn. Tàǹkì Tantie tí wọ́n ti dé pa kí ìjì tó dé ni gbogbo àdúgbò ń bù mu, wọ́n sì ní kí ọmọ mi máa kọ́kọ́ mu.

Nígbà tí fóònù padà ń lọ, mo rí ohun tẹ́ ẹ ti ń sọ lórí WhatsApp ẹbí ní gbogbo ìgbà tí kò lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní "A wí fún wọn," ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Kánádà ni ẹgbẹ́ wa ń kó ọmọ lọ, mo ti kà á látòkè délẹ̀. Ẹ ò bi mí bóyá ọmọ mi rí omi mu. Mo ti dárí jì yín, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo kà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbààwẹ̀, tẹ́ ẹ ń pe nọ́ńbà tí kò lọ lóru, Olúwa á dá yín lóhùn níjọ́ tẹ́ ẹ bá pè é.

Ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọ wá síhà ibí, ẹ gbọ́ o. Láti oṣù Kẹfà di ìparí oṣù Kọkànlá ni àsìkò ìjì. Kẹ́ ẹ tó sanwó ilé, ẹ ní kí wọ́n fi irin tó de igi òrùlé mọ́ ògiri hàn yín, ẹnu onílé ò tó. Ẹ di pásípọ́ọ̀tù àti ìwé ìbí ọmọ sínú ọ̀rá, ẹ so ó mọ́ra. Ẹ mọ aládùúgbò yín, ẹ máa kí wọn láàárọ̀, pàápàá àwọn àgbà.

St. George's la wà báyìí, ní erékùṣù Grenada gan-an. Ọmọ mi ti ń pariwo fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì pé kó dúró, ó sì ń bèèrè Tantie lójoojúmọ́. Tantie ní àwọn ò kúrò ní Carriacou, ibẹ̀ ni wọ́n sin òbí àwọn sí. Igi àti páànù tá a rà fún wọn ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ọkọ mi àti àwọn ará ìjọ wa ń lọ kàn án lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú irin ìdè tó péye. Ìṣó àti kẹ́míkà igi ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí i, ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀.