Ìrìnàjò Tí A Kò Tíì Lọ: Àyẹ̀wò Ọdún 2025 Mi

Lọ́dọọdún, bí oṣù Ọ̀pẹ bá ti ń lọ sópin, mo máa ń gbé ìwé kékeré kan jáde, èyí tí mo fi ń kọ ohun tí mo bá ṣe láàárín ọdún sílẹ̀, n óò sì kà á láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ti ọdún yìí yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá, nítorí pé ohun tó gba ojú ewé jù lọ nínú rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ mi, kì í ṣe ilé tí mo ń kọ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mi. Ìrìnàjò sí Kòréà Gúúsù àti Japan ni, èyí tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta fẹ́ lọ ní oṣù Bélú ọdún 2026. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì dé apá ibẹ̀ rí.

Ọdún 1987 ni a jọ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni gbogbo wa nígbà náà. Ọ̀kan nínú wa di nọ́ọ̀sì, London ló sì ń gbé láti ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn. Ìyá Ìbejì ni a ń pè é. Ìkejì jẹ́ apòògùn, ó ní ilé oògùn ní Bódìjà. Ìkẹta ni Alhaja, tó ń ta lẹ́ẹ̀sì ní ọjà Gbági. Èmi ni mo ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó, ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí n máa tọ́jú owó àjọ wa. Gbogbo wa ni yóò pé àádọ́ta ọdún ní 2026, nígbà tí Ìyá Ìbejì sì wálé wá ṣe Kérésìmesì lọ́dún tó kọjá, ó bẹ̀ wá pé kí a má ṣe dá àríyá kankan sílẹ̀, kí a kó owó tí à bá fi gba gbọ̀ngàn àti olórin jọ, kí a fi rìn.

Kòréà ni ẹnu kọ́kọ́ kò lé lórí. Nígbà ìsémọ́lé Kòrónà lọ́dún 2020 ni a ti ń wo eré àwọn ará Kòréà, tí a sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ara wa. Ohun tó fà wá mọ́ra ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá jù wọ́n lọ. Obìnrin kì í pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lórúkọ lásán, eonni ni yóò pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni oppa, àní bí kì í tilẹ̀ ṣe pé ìyá kan náà ló bí wọn. Ní àárọ̀ ọdún tuntun wọn, àwọn ọmọ a wólẹ̀ níwájú àwọn àgbà, wọn a fi orí kanlẹ̀, àwọn àgbà a súre fún wọn, wọn a sì fún wọn lówó. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ Ìbàdàn. Ti Japan, mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé nítorí pé ó wà nítòsí Kòréà ni a ṣe kọ ọ́ mọ́ ọn lákọ̀ọ́kọ́.

Alhaja ló yí ètò náà padà. Ní oṣù Èrèlé, mo ka orúkọ àwọn ibi tí a fẹ́ lọ sí i létí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń ta lẹ́ẹ̀sì Kòréà. Ṣé n óò wá dé Kòréà fúnra rẹ̀, kí n kàn ya fọ́tò kí n máa bọ̀ ni?” Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí aṣọ gbé wà. Ọjà Gwangjang wà ní Seoul, olú ìlú Kòréà Gúúsù, láti ọdún 1905. Oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ àlejò ń wá jẹ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta sílíìkì àti hanbok, ìyẹn aṣọ ìbílẹ̀ wọn, wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọjà aṣọ Dongdaemun náà kò jìnnà sí i. Nígbà tí mo sọ fún un pé ẹni tó bá wọ hanbok kì í sanwó láti wọ Gyeongbokgung, ààfin tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1395, lójú ẹsẹ̀ ló ti yan àwọ̀ tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò wọ̀. Aṣọ ẹbí tí a ní a kò ní dá tún padà wọlé báyìí, inú mi sì dùn sí i.

Ní ìlú Kyoto ní Japan, a óò lọ sí Nishijin, àdúgbò àwọn ahunṣọ tó ń hun obi, ọ̀já fífẹ̀ tí wọ́n fi ń di kimono, aṣọ ìbílẹ̀ Japan. Láàárín ọdún 1870 sí 1880, àwọn ará Nishijin rán èèyàn lọ sí Lyon ní ilẹ̀ Faransé kí wọ́n lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo òfì Jacquard, ẹ̀rọ tó ń hun ọnà sára aṣọ, wọ́n sì gbé òfì náà bọ̀ wálé. Àpèjúwe ibẹ̀ ń rán mi létí Ìṣẹ́yìn, níbi tí a ti máa ń gbọ́ ìró òfì kí a tó rí ahunṣọ.

Arimatsu ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ìlú kékeré ni tẹ́lẹ̀, ó ti di ara Nagoya báyìí, ojú ọ̀nà àtijọ́ tó so Tokyo pọ̀ mọ́ Kyoto ló sì wà. Láti ọdún 1608 ni wọ́n ti ń di aṣọ níbẹ̀: wọn a fi òwú so ó ní kókó kókó, tàbí kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán an pọ̀, wọn a rì í bọ inú aró, wọn a sì tú u. Shibori ni wọ́n ń pè é. Mo ń kà á fún Alhaja lórí fóònù, kò tíì jẹ́ kí n parí tó fi ní, “Àdìrẹ oníko nìyẹn. Èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán, àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni.” Aláró ni ìyá tó bí ìyá rẹ̀, Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ló sì ti ṣiṣẹ́ títí tó fi darúgbó. Ewéko tí àwọn ará Japan ń lò yàtọ̀ sí ẹlú tiwa. Tiwọn kúrú, oko ni wọ́n ń gbìn ín sí bí ẹ̀fọ́, ẹlú sì jẹ́ igi tó máa ń fà. Síbẹ̀, níbi méjèèjì ni wọ́n ti máa ń jẹ́ kí ewé náà jẹrà, omi eérú ni wọ́n fi ń sọ ọ́ di aró, bí aṣọ bá sì jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní, kí atẹ́gùn tó sọ ọ́ di aró níṣojú ẹni. Èèyàn méjì tí wọn kò mọ ara wọn rí, ní igun ayé méjì, ni wọ́n dúró ti ìkòkò tí wọ́n sì rí ohun kan náà. Mo fẹ́ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú Alhaja.

Oṣù tí a óò lọ gba àríyànjiyàn. Òdòdó ṣẹ́rì, tó máa ń tàn ní Tokyo ní ìparí oṣù Ẹrẹ̀nà, ni Ìyá Ìbejì fẹ́ rí. Ṣùgbọ́n Ramadan 2026 kò ní parí títí di nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù Ẹrẹ̀nà, Àjíǹde sì bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún oṣù Igbe. Alhaja fẹ́ ṣe Ìtúnu Ààwẹ̀ nílé, apòògùn wa kì í sì í fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nígbà Àjíǹde. Ìparí oṣù Igbe ni àwọn ará Japan fúnra wọn ń gba ìsinmi, tí ọkọ̀ ojú irin máa ń kún. Oṣù Okúdù, òjò. Oṣù Bélú ló tẹ́ gbogbo wa lọ́rùn, nítorí pé ìgbà náà ni ewé igi ń pọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà ló máa ń pọ́n ní Seoul, ní ìparí rẹ̀ ní Kyoto. Ìyẹn ló jẹ́ kí a pinnu láti kọ́kọ́ dé Seoul, kí a wọ bàálù lọ sí Osaka, kí a gba Kyoto àti Nagoya kọjá dé Tokyo, kí a sì ti ibẹ̀ máa bọ̀ nílé láìpadà sẹ́yìn. Ọ̀nà yìí dára fún físà pẹ̀lú, torí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni a óò wọ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ físà gba omijé díẹ̀. Ìwé ìrìnnà Britain ni Ìyá Ìbejì ní, kò nílò físà láti lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ ní Japan tàbí ní Kòréà. Àwa mẹ́ta gbọ́dọ̀ tọrọ ti orílẹ̀-èdè méjèèjì ní Àbújá. Ní oṣù Èbìbí, a fún aṣojú ìrìnàjò kan ní ₦400,000 gẹ́gẹ́ bí àsansílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní òun yóò yá wa ní owó tí yóò jókòó sínú àkáǹtì wa fún oṣù mẹ́ta kí àkọsílẹ̀ báǹkì wa lè wúwo, òun yóò sì bá wa ṣe ìwé òtẹ́ẹ̀lì tí kò sí níbì kankan. A kọ̀. Owó náà kò padà mọ́, ó sì dùn mí púpọ̀, nítorí pé èmi ni mo mú ẹni náà wá. A ti wá mọ̀ pé a lè ṣe é fúnra wa, àti pé kò sí àǹfààní nínú kí a tètè bẹ̀rẹ̀ jù: oṣù mẹ́ta péré ni físà ẹlẹ́ẹ̀kan ti Japan fi ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n bá fún èèyàn, nítorí náà oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ni a óò tó fi ìwé sílẹ̀.

Ní ti owó, ₦300,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣù láti oṣù Ẹrẹ̀nà. Mo fẹ́ràn ìṣirò náà. Dọ́là kan ń lọ ní nǹkan bí ₦1,450 nígbà tí mò ń kọ èyí, iye won, owó Kòréà, tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ sí kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé mò ń ka iye ọjà Kòréà bí ẹni ń ka náírà. Yen kan, owó Japan, jẹ́ nǹkan bíi ₦9 sí ₦10. Mo rí i pé ìwé ìwọkọ̀ ojú irin Japan tí wọ́n ń pè ní JR Pass, èyí tí gbogbo èèyàn ń sọ pé kí àlejò rà, ti kúrò ní 29,650 yen fún ọjọ́ méje sí 50,000 yen láti oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2023. Láti Kyoto dé Tokyo kò gbà ju bíi 14,000 yen lọ, a kò nílò rẹ̀ rárá. Irú ohun báyìí ni mo ń fi ránṣẹ́ sí wọn lálẹ́, mo sì ń rò pé gbogbo wa ni inú wa ń dùn.

Ní oṣù Agẹmọ, Alhaja kò dá tirẹ̀. Ní oṣù Ògún, kò dá a. Bí a bá kọ̀wé sí i, á ní orúnkún ń dun òun, tàbí pé ọjà ń gba òun lásìkò. Èmi, tí owó wà lọ́wọ́ mi, mo wá ṣe ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọdún yìí: mo to orúkọ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí WhatsApp, mo kọ “ó ti san” síwájú mẹ́ta, mo sì kọ “kò tíì san” síwájú ẹnì kan. Ìṣe ọ́fíìsì ni mo gbé wá sáàárín ọ̀rẹ́. Lọ́jọ́ kejì ni Alhaja kọ ọ́ pé kí a máa lọ, pé òun kò lọ mọ́. Nínú ìwé kékeré mi, mo kọ ọ́ pé ó yẹ àdéhùn. Gbólóhùn náà ṣì wà níbẹ̀, n kò pa á rẹ́.

Àwa mẹ́ta gbìyànjú láti máa bá ètò náà lọ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé orí Arimatsu, n kò mọ ẹni tí n óò ka á fún. Ní oṣù Ọ̀wàrà, mo lọ sí Gbági láìsọ fún un. Ṣọ́ọ̀bù méjì ló ní tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ló kù, pẹpẹ inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ó ti ra ọjà láwìn nígbà tí dọ́là wọ́n, àwọn oníbàárà tó gba aṣọ fún ìgbéyàwó kò sì tíì sanwó. Ó ní, “Ẹ̀yin ń rówó lóṣooṣù. Èmi, ìgbà tí ayẹyẹ bá wà ni mo ń rówó. N kò mọ bí n óò ṣe sọ ọ́ fún yín.” Ọdún mejìdínlógójì ni mo ti mọ̀ ọ́n, a ti jọ sunkún lórí òkú àwọn òbí wa, a ti jọ tọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n n kò bi í rí bóyá iye tí mo kọ sílẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ láàárín ṣọ́ọ̀bù náà, a sì jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láti ìgbà náà ni ètò tiwa gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ iye tó ní, iye gbèsè tó jẹ, àti iye tó lè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù láìpa ilé lára. Ó wá hàn pé kì í ṣe Alhaja nìkan ni ₦300,000 ń fún lọ́rùn, apòògùn wa ti ń yá lára owó ọjà rẹ̀. A sọ ọ́ di ₦200,000 láti oṣù Ṣẹẹrẹ. A gé ọjọ́ mọ́kànlélógún sí mẹ́rìnlá, a yọ Busan ní Kòréà, a sì yọ Hiroshima ní Japan, èyí tí Ìyá Ìbejì ti fẹ́ rí láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Òun ló kọ́kọ́ ní kí a yọ ọ́. Alhaja kò fẹ́ ẹ̀bùn, a kò sì fi lọ̀ ọ́. Bí a ti ń ṣe nínú àjọ láti ayébáyé ni a ṣe é: òun ni yóò kó àjọ ṣíwájú, yóò sì máa dá a lọ títí di ọdún 2027. Mọ́sálááṣí ńlá Seoul ní Itaewon, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1976, àti Tokyo Camii, mọ́sálááṣí tó wà ní Tokyo, wà nínú ètò wa, a sì ti kọ àwọn ilé oúnjẹ halal tó yí wọn ká sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó sórí fídíò láti fi ọwọ́ kọ ètò ojoojúmọ́ tí ẹ́ḿbásì Japan máa ń béèrè, ọjọ́ dé ọjọ́, ibi tí èèyàn yóò lọ àti ibi tí yóò sùn. Ìyá Ìbejì kò nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ tirẹ̀ pẹ̀lú wa. Nígbà tí a dé ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Bélú, Alhaja ní kí n dúró. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí ìyá ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ jáde, Ìbàdàndùn, tó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó lára, ó sì tẹ́ ẹ síwájú kámẹ́rà. Ó ní òun yóò gbé e lọ han àwọn aláró Arimatsu. Mo kọ ọ́ sí ìwé kékeré mi lábẹ́ ẹrù tí a óò dì, òun sì ká aṣọ náà, ó dá a padà sínú àpótí, ó fi káńfọ̀ sí i.