Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Kubwa

Ọ̀rọ̀ owó àjọ tó há sọ́wọ́ ẹni tó ń gbà á fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Kubwa, l'Abuja, lálẹ́ yìí. Màmá kan ní, "Ṣé ká kàn dárí jì í, kó jẹ owó wa gbé?" Ìbéèrè gidi nìyẹn.

Ẹ wo Mátíù 18 dáadáa. Jésù pa àkàwé kan níbẹ̀: ọba kan fi gbèsè ńlá ji ẹrú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrú yẹn kọ̀, kò dárí ji ẹrú kejì tó jẹ òun náà ní gbèsè. Dénárì 1, owó fàdákà àwọn ará Róòmù, ni owó iṣẹ́ òòjọ́ lébìrà nígbà náà. Dénárì 100 tí ẹrú kejì jẹ lé ní owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta. Kì í ṣe owó ẹ̀pà. Jésù ò sọ pé gbèsè náà kéré. Tálẹ́ńtì 10,000 tí ọba fi ji ẹrú àkọ́kọ́ wá ńkọ́? Tálẹ́ńtì kan tó nǹkan bíi dénárì 6,000. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín!

Ẹsẹ 15 sí 17 la ọ̀nà: kọ́kọ́ lọ bá a, ìwọ àti òun nìkan, bí kò bá gbọ́, mú ẹnì kan tàbí méjì dání, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kan ìjọ. Ṣùgbọ́n WhatsApp ẹgbẹ́ akọrin làwa fi ń bẹ̀rẹ̀. Ojú á ti onítọ̀hún, á wá máa gbèjà ara rẹ̀ dípò kó tọrọ àforíjì. (Ká má tiẹ̀ sọ ti àwọn tó ń fi àdúrà ṣòfófó.)

Ìdáríjì ò ní kẹ́ ẹ tún fi àpò àjọ lé e lọ́wọ́ o. Ẹ kọ iye tó kù sílẹ̀, ẹ pín in sí oṣooṣù, kí ẹlòmíì máa gba owó. Ẹ má sì pè é ní olè mọ́. Bí kò bá san, ẹ padà sí ẹsẹ 16.