Erè mi ti jẹun o!

Ẹ bá mi yọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń wo eku bí ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ tó ti kan síwájú rẹ̀. Irú erè kékeré ilẹ̀ Tógò àti Benin ni, èyí tó máa ń ká jọ bí òṣùká tí ẹ̀rù bá ti bà á. (Màmá mi ní Ìbàdàn ò tíì mọ̀ pé mo ń sin ejò ní London. Ẹ má tú mi fó.)

Gbogbo Sátidé ni mò ń gbé e sórí ìwọ̀n ilé ìdáná: 1,240 gíráàmù, 1,235, 1,238. Kò rù. Akọ ni, akọ wọn a sì máa gbààwẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀.

Lálẹ́ àná mo pa iná. Mo ki eku tó ti kúrò nínú yìnyín sínú ọ̀rá, mo rì í sómi gbígbóná títí ara rẹ̀ fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fi ẹ̀mú gígùn nà án sẹ́nu ihò rẹ̀, mi ò mira. Ahọ́n yọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ó súnmọ́ ọn, ó tún fà sẹ́yìn. Apá ti ń ro mí. Ìyàwó mi yọjú lẹ́nu ọ̀nà: "Ṣé kí n bá a fi ata sí i ni?"

Pàù! Mi ò tiẹ̀ rí ìgbà tó gbé e, ó ti wé mọ́ ọn. Ó di ọjọ́ méjì kí n tó fọwọ́ kàn án, kó má baà bì í.